Bàbá Mi Wá, Inú Ọkọ̀ Ló Wà

Ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn ti pa bàbá mi ní oṣù mẹ́sàn-án gbáko kí ikú tó rí i pa. Mi ò fi ṣe àwàdà. Ó wà nínú fáìlì wọn, òǹtẹ̀ pupa wà lórí rẹ̀, pé tíṣà tó fẹ̀yìn tì yìí ti di olóògbé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí ẹní ni tíṣà ọ̀hún wà nínú ilé wa, tó ń bá ìyá mi ṣàròyé pé iyọ̀ ò tó nínú ọbẹ̀.

Ọdún márùndínlógójì ni bàbá mi fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri etí omi wa, láti Mahintedo títí dé àwọn abúlé kan tí òkun ti gbé ilé ìwé wọn lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, pẹ́ńṣàn tí wọ́n ń fún un kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ló fi ń jẹ́ ọkùnrin nínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá òsì kú, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ṣẹ́ kù, ẹnu náà ṣẹ́ kù, ẹnu ọ̀hún sì wá mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìjọba a máa pe àwọn afẹ̀yìntì jọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún àyẹ̀wò. Kí kálukú fi ojú ara rẹ̀ hàn, kó má lọ jẹ́ pé òkú ni wọ́n ń sanwó fún. Mi ò bínú sí ìyẹn. Olè pọ̀ nílùú. Wọ́n ní Igbokoda ni kí àwọn tiwa wá, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí èbúté.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti ìyá mi wẹ̀ fún un, a wọ bùbá funfun fún un, a gbé e sínú ọkọ̀. Ní èbúté Ode Ugbo, ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ orúkọ èrò sí kí ọkọ̀ tó ṣí: orúkọ rẹ, ibi tí ò ń lọ, àti ẹni tí wọ́n máa ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí omi. Akọ̀wé èbúté ló máa ń kọ ọ́. Bàbá mi ti kọ́ ọ ní ìwé nígbà kan rí. Ó wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, ó ṣíjú, ó ní, “Gbé bírò yẹn wá. Ìwọ tí o máa ń kọ lẹ́tà sí òdìkejì, ìwọ kọ́ ni wàá kọ orúkọ mi.” Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ìwé lé e lórí itan, bàbá mi sì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní báyìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe mi, torí mi ò ní sọ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni ẹ̀bi wà.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọkọ̀ àgbàlagbà bá ti fi imú kan èbúté, ó ti dé nìyẹn. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Bí ara rẹ̀ kò bá dá, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń kí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé omi fún un, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ohun tó bá wá sọ. Mi ò rí ẹni tó dúró lókè rí kó ní àfi kí àgbà rá gòkè wá kí òun tó gbà pé ó dé.

Torí náà, nígbà tí a dé Igbokoda tí omi fà, tí ẹrẹ̀ sì wà láàárín ọkọ̀ àti pákó èbúté, mi ò dààmú. Mo fi ìyá mi àti bàbá mi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lábẹ́ agboòrùn, mo sáré lọ sí gbọ̀ngàn. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi tábìlì, mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ní, “Ọ̀gá, bàbá ti dé o. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà. Ẹsẹ̀ wọn ni kò gbé wọn.”

Ó ní, “Kò burú, Mọ́mì. A máa pe orúkọ wọn.”

Mo dúpẹ́, mo padà sínú ọkọ̀. Èmi, ìyá mi àti bàbá mi jókòó, à ń retí wọn. Mo tilẹ̀ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì sílẹ̀ fún ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ wá. Ẹ gbọ́ mi ná, mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò! Oòrùn kan àtàrí, ó rọlẹ̀, kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí mo máa fi padà lọ, wọ́n ti ń di tábìlì wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní àwọn pe orúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo ní kó ṣe mí jẹ́jẹ́, kó jẹ́ ká jọ dé èbúté, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó wo bàtà rẹ̀. Bàtà náà ń dán, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Mọ́mì, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n rán wa sí.”

Oṣù tó tẹ̀ lé e, pẹ́ńṣàn ò wọlé mọ́. Nígbà tí mo lọ béèrè, wọ́n ní ẹni tí kò bá yọjú, òkú ni wọ́n kà á sí. Mo padà délé, mo sọ ọ́ fún bàbá mi torí mi ò lè fi pa mọ́ fún un. Ó wá ní, “Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì máàkì rẹ́jísítà. Mi ò máàkì ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé kò wá rí.” Ọ̀rọ̀ yẹn ká a lára ju àìsàn lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń múra Igbokoda láti lọ ta ẹja yíyan mi, ohun tó máa ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: “Sọ fún wọn pé mo wá.”

Mo sọ fún wọn títí. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́. Wọ́n ní lẹ́tà náà ti lọ sókè. Ó wà lókè náà títí bàbá mi fi kú.

Lẹ́yìn tí a sin ín, wọ́n ní mo lè wá gba ohun tó kù nínú owó rẹ̀. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà ilé? Orúkọ títì? Mo ní ilé wa ní òpó mẹ́rìndínlógún nínú omi, kò ní nọ́ńbà, títì ibẹ̀ sì ni èyí tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Akọ̀wé ọ́fíìsì ní kí n ṣáà kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo kọ “Omi”. Mo mú ìwé ẹ̀rí ikú sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni wọ́n fi kọ ọ́, pé ẹnikẹ́ni lè sọ ọjọ́ tó bá wù ú. Mo búra ní kóòtù, wọ́n ní ìyẹn náà, ẹnu wa ni.

Ọ̀gá kan níbẹ̀ wá pè mí sápá kan. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ṣe mí lóore. Ó ní, “Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ nílẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i pé oṣù tó wà nínú fáìlì wa ni bàbá kú. A ó san ohun tí a jẹ ẹ́ títí di oṣù yẹn, àti owó ìsìnkú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti wọlé.”

Kí n má purọ́, ọwọ́ mi fẹ́ gba bírò. Mo ti jẹ gbèsè ìsìnkú. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ bi ìyá mi.

Ìyá mi ń to ẹja sórí ààrò nígbà tí mo dé. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ta ni mò ń bọ́?”

Mo ní, “Bàbá ni, mà.”

“Ta ni mò ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí egbò má dá sí i lára? Ta ló ń bú mi nítorí iyọ̀? Ṣé òkú ni?” Ó wá gbé ojú sókè wàyí. “Bí o bá fọwọ́ sí i, ohun tí o kọ ni pé òkú ni mo gbé sílé tí mò ń fún lẹ́kọ. Lọ kọ ọ́ bí ó bá wù ọ́. Má kọ ọ́ ní orúkọ mi.”

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ìtìjú náà yára di ìbínú, ìbínú sì ni mo mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ tó bá ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Mo pinnu pé ọ́fíìsì yẹn àti èmi la jọ máa là á mọ́jú.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, mo sọ fún ọ̀gá yẹn pé a ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n mú ẹ̀rí wá nígbà náà, ẹ̀rí tí kì í ṣe ẹnu wa. Mo jáde, mi ò mọ ibi tí mo máa ti rí i.

Ọjà ló gbé mi dé èbúté Ode Ugbo lọ́sẹ̀ náà. Bí mo ṣe fẹ́ wọkọ̀, akọ̀wé èbúté na ìwé sí mi pé kí n pe orúkọ mi. Ojú mi ṣàdédé là. Mo ní, “Àbúrò, ìwé ti àtijọ́, ibo lẹ ń kó o sí?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, inú ike ọ̀dà ni. A dé e pa kí omi má kàn án. A kì í sọ ọ́ nù. Ọkọ̀ kan lè wà tí wọ́n ṣì ń wá.”

A tú ike mẹ́ta kí a tó rí i. Ọwọ́ bàbá mi rèé, ó gùn gbọọrọ, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́ sójú pátákó. Orúkọ rẹ̀. Igbokoda, fún àyẹ̀wò pẹ́ńṣàn. Ó fọwọ́ sí i. Déètì ọjọ́ náà gan-an wà lókè ojú ìwé. Mo jókòó sórí ike, mo sunkún, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Mo ní kí akọ̀wé ya ojú ìwé náà fún mi. Ó kọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ya ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ìwé náà kò ní dá lọ, òun máa gbé e lọ fúnra òun. “Tíṣà mi ni,” ó wí. Ó fi ọ̀rá wé e, a wọkọ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo kọ̀ láti bá ọ̀gá tí ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sọ nǹkan. Mo ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣàtúnṣe fáìlì ni mo fẹ́ rí, mo sì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn títí wọ́n fi mú mi wọlé. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ó wọ dígí ojú. Ó ṣí fáìlì bàbá mi, ó gbé ìbuwọ́lùwé inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú ìwé èbúté. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó wá fi ìka tọ ìlà náà lọ dé òpin, ó kà á sókè: “Ẹni tí ẹ ó ké sí: ìyàwó mi.”

Ó bi mí pé, “Kí ló dé tí ẹ ò gbé wọn wọlé?”

Mo sọ fún un bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

“Ṣé ẹ̀ ń retí pé kí àwọn òṣìṣẹ́ wa sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bàbá jù wọ́n lọ.”

Ó bọ́ dígí rẹ̀. Ó ní, “Torí àwọn òṣìṣẹ́ wa ní bàbá ò wá ni wọ́n ṣe kọ ọ́ pé wọ́n ti kú. Bí bàbá bá wá, kò sí ohun tó pa wọ́n nínú fáìlì yìí. Ó ku ìwé ẹ̀rí ikú yín, òun la ó tẹ̀ lé.” Ó fa ìlà sórí ohun tí wọ́n kọ, ó fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ tuntun. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó kà á sí mi létí. Ó kà á: ó wá sí àyẹ̀wò, inú ọkọ̀ ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ó wá ka ọjọ́ tó kú, ọjọ́ tó kú gan-an. Akọ̀wé èbúté fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó kọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó má bàa kọ lẹ́tà kankan sí òdìkejì.

Owó náà pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, ṣùgbọ́n ó wọlé, pẹ̀lú oṣù mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Kì í ṣe òun ni ìyá mi béèrè nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣàtúnṣe yẹn. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní tí bàbá mi máa ń sùn sí, tí kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká. Ó ní, “Ọjọ́ wo ni wọ́n wá ní ó kú?”

Mo sọ ọjọ́ náà fún un.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “A jẹ́ pé ọwọ́ mi ló kú sí nìyẹn.” Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní náà.