Ọwọ́ Òsì Màmá Mi

Òórùn káńfọ̀ ló kún yàrá kékeré yẹn, ní Alágbàká, Àkúrẹ́, níbi tí bàbá kan tí orí rẹ̀ kún fún ewú ti ń fi ọwọ́ èèyàn ṣàyẹ̀wò ìlera. Kì í gba ẹ̀jẹ̀, kì í gba ìtọ̀. Wàá na ọwọ́ kan síwájú gbọnrangandan, wàá di oògùn tàbí oúnjẹ mú ní ọwọ́ kejì, bàbá á wá tẹ ọwọ́ tí o nà mọ́lẹ̀. Bó bá dúró gbọn-in, ara gba nǹkan náà. Bó bá wálẹ̀, ara kọ̀ ọ́. Èmi ni mo mú màmá mi wá láti Oǹdó, nítorí ó ń ráhùn pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti sú òun. Mo gba bàbá náà gbọ́ pátápátá, èmi tí mo kàwé yìí. Má fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá fi oògùn náà sí ọwọ́ ọ̀tún màmá mi, ó ní kó na òsì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ó gbé ìgò oyin tí òun fúnra rẹ̀ ń tà sí òsì, ó tẹ ọ̀tún, ọ̀tún ò mì.

“Ara yín ti kọ oògùn yìí, Ìyá. Oyin ló ń fẹ́.”

Bí màmá mi ṣe pa oògùn tì nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo bá a l'Óǹdó lórí àga, òòyì ń kọ́ ọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Nọ́ọ̀sì àdúgbò fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ó ní ó ti ga jù, ká má jókòó mọ́, ká gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Nínú ọkọ̀ ni mo bi í pé, “Màmá, kí ló dé tí ọwọ́ yín ò fi lágbára lọ́jọ́ yẹn?”

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí ọmọ gidi bí. “A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, bàbá tó jù mí lọ ni mo wá nà án sí. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, mo rò pé ó ń bá mi wí ni. Mo yáa gbé e wálẹ̀.”

“Ọ̀tún ńkọ́?”

“Ṣé ìyẹn náà jẹ́ àrífín ni?”

Wọ́n dá a padà sórí oògùn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì kì í bẹ̀rù àgbà, òun ni mo fọkàn tán báyìí. Àmọ́ ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé mo wà nínú yàrá yẹn, mo ń wo ọwọ́ màmá mi, n kò sì rántí bi òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan.