Igi Kajú Tí A Fi Ẹnu Gbìn

Bí ènìyàn bá dé Idigny, ní ilẹ̀ Kétu, tó ní Cyriaque lòún ń wá, wọ́n á kọ́kọ́ bi í léèrè pé, "Ti Íńdíà ni àbí ti alùpùpù?" Cyriaque méjì ló wà ní àdúgbò náà. Ọ̀kan ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ kúrò nínú epo. Èkejì, ọmọ Ògúndìran, ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ ìtàn, Pùrọ́fù ni wọ́n sì ń pè é. Ọ̀rọ̀ ti èkejì yìí la fẹ́ sọ.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, yóò kọ́kọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, yóò nù ún, kó tó dáhùn. Ìjọba Íńdíà máa ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa lọ́wọ́ láti wá kàwé lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ rẹ̀ jáde, ìyá rẹ̀ Madeleine di gàrí àti ata gbígbẹ fún un, ó lọ.

Yunifásítì tó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ibi tí ògiri ti ń sọ̀rọ̀ ju olùkọ́ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ọwọ́ ya àwòrán tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ògiri tirẹ̀. Bí ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá súnmọ́lé, ẹni tó bá fẹ́ di olórí gbọ́dọ̀ dúró níwájú gbogbo èrò, kí ẹnikẹ́ni bi í ní ohun tó bá wù ú. Àwọn tí wọ́n ń pè ní ará apá òsì ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kò tọ́ kí ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ máa jẹ èrè oko. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọ àgbẹ̀ létí.

Físà kò gba àlejò láyè láti ṣe òṣèlú, nítorí náà Cyriaque kì í sọ̀rọ̀. Ó ń kun ọ̀dà. Àwòrán tó mọ̀ ọ́n yà jù lọ ni ti obìnrin kan tó gbé dòjé lé èjìká. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà ní èdè ibẹ̀ pé: Ẹni tó ń ro ilẹ̀ ló ni ín.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tó parí ẹ̀kọ́, àwọn jàǹdùkú ìgboro lu akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wá láti Áfíríkà, nítorí àhesọ kan tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹgbẹ́ apá òsì pe ìpàdé síwájú ilé ìkàwé. Ẹni kan sọ̀rọ̀ lórí ìmúnisìn, ẹni kejì sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ ara, ẹni kẹta ka ọ̀rọ̀ tó gùn bí okùn kànga. Cyriaque dúró ti pátákó tó kùn, ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó yíjú sí Sujata, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ máa ń kun ògiri.

"Láti àárọ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ wa. Ṣé a ti kú ni?"

Sujata wò ó. "Físà rẹ ńkọ́?"

"Físà kọ́ ni wọ́n lù."

Sujata lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni gbogbo wọn ń retí. Ohun tí Cyriaque sọ kò ju pé òun fẹ́ kí ènìyàn máa jókòó ti òun nídìí oúnjẹ láì kọ́kọ́ wo ibòmíràn bóyá àyè ṣì wà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jókòó tì í.

Nígbà tó padà sílé tó ríṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó bẹ̀rẹ̀ àṣà kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, yóò jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ àti àwọn tó ń fi alùpùpù kérò á sì pé yí i ká. Yóò sọ fún wọn nípa àwọn àgbẹ̀ Íńdíà tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ olú ìlú, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pọn omi fún wọn lójú ọ̀nà. Ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yàtọ̀. Á gbọ́wọ́ sókè, á ní, "Ẹni tó ń ro ilẹ̀ ló ni ín!" Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gbọn eruku ìdí wọn nù, oníkálukú á gbalé rẹ̀ lọ.

Firmin máa ń wà láàárín wọn. Láti ìhà àwọn Fọ̀n ló ti wá, ó ti lé lógún ọdún báyìí tó ti dé. Ògúndìran, bàbá Cyriaque, ló yá a ní ilẹ̀ lójú ọ̀nà Adakplamè. Ibẹ̀ ló ti ń kọ ebè iṣu, tó ń gbin àgbàdo àti gbágùúdá, ibẹ̀ ló ti tọ́ Grâce ọmọ rẹ̀ dàgbà. Kò sí ọdún tí kì í gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá sílé onílẹ̀. Igi nìkan ni kò gbìn rí. Ní ilẹ̀ Kétu, ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin ohunkóhun tó ń kú láàárín ọdún. Igi ni kò gbọdọ̀ gbìn, torí pé igi a máa pẹ́ ju ènìyàn lọ, ẹni tó bá sì gbin igi ti sọ pé òun ò lọ mọ́. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ ní èyí. Wọ́n kàn ń mọ̀ ọ́n ni.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, Rachidi, àbúrò Ògúndìran, ń gun alùpùpù rẹ̀ kọjá lọ sóko. Ó rí ohun kan, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀. Igi kajú ló rí ní oko Firmin, tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tó ga dé orúnkún, tí wọ́n ro ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò lọ sóko mọ́. Ó ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Àlejò yín ti di onílẹ̀."

Kí ọjọ́ tó pé méjì, wọ́n ti pe ìpàdé ẹbí. Ohun tí Rachidi fẹ́ kò lọ́jú pọ̀: kí Cyriaque, tó jẹ́ àrẹ̀mọ, fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àwọn igi náà tu, kí Firmin sì kó ẹrù rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí àrẹ̀mọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, kò sẹ́ni tó lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ilẹ̀ náà ti di ti Firmin.

Ọ̀rọ̀ náà ká Cyriaque mọ́. Bó bá fa igi náà tu, kí ni gbogbo ọ̀dà tó kùn sí ògiri ológiri já sí? Bó bá sì kọ̀, àrẹ̀mọ wo ló ń dìde sí ilé bàbá rẹ̀ nítorí àlejò? Ohun mìíràn tún wà. Etí ọ̀nà ni ilẹ̀ náà wà. Òun àti Pélagie, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Kétu, ti wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ díwọ̀n ibi tí ilé wọn yóò dúró sí. Kò lọ bá Firmin, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó lọ. Ilé ló jókòó sí, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn àgbà ẹbí jókòó sí àgbàlá Ògúndìran. Firmin wà lóde, ó fìdí lé gbòǹgbò igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò kì í jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Cyriaque dìde. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti òógùn Firmin, ó sọ ti ẹ̀tọ́, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Íńdíà. Ó ń dùn ní ẹnu rẹ̀. Rachidi ń fi ẹ̀ka igi kékeré kan yọ ẹran àárín eyín rẹ̀.

"Firmin kò ní olùgbèjà," ni Cyriaque ń wí, "Firmin ń jìyà, Firmin kò lè—"

Bó ṣe ń na ọwọ́ sí ọ̀nà ẹnubodè, ojú rẹ̀ bá ti Firmin pàdé. Ọkùnrin náà ń wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìsìnkú ara rẹ̀. Cyriaque bá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó rántí iwájú ilé ìkàwé, ó rántí ọ̀dà tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Bàbá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá Grâce wọlé wá sọ tẹnu rẹ̀."

"Háà!" ni Rachidi kígbe. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Íńdíà? Ta ló rí àlejò ní ìpàdé ilẹ̀ rí?"

"Bàbá Kékeré, àlejò lèmi náà níbẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Ògúndìran fi àgbọ̀n ṣe àpèjúwe ẹnubodè. "Ẹ pè é."

Firmin wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, kò fẹ́ jókòó. Nàgó, èdè wa, tó ń sọ ṣì ń rùn Fọ̀n díẹ̀.

"Firmin," ni Ògúndìran wí, "ṣé mo yá ọ nílẹ̀ pé kí o gbin igi?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé o mọ̀ pé a kì í gbìn ín?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìdí tí mi ò fi gbìn ín láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

"Kí ló wá dé?"

Firmin wo Cyriaque, ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ ránṣẹ́."

Ariwo ta. Rachidi ti fò dìde, ṣùgbọ́n Ògúndìran gbé ọwọ́ sókè. "Èmi ránṣẹ́? Ta ni mo rán?"

"Pùrọ́fù ni. Ní ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, níṣojú gbogbo èrò, wọ́n ní ẹni tó ń ro ilẹ̀ ló ni ín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní bóyá mi ò gbọ́ Nàgó dáadáa. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, wọ́n tún un sọ. Mo wá rò ó: àrẹ̀mọ ilé kì í dúró lójú agbo kó máa pín ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kiri bí kò bá jẹ́ pé ilé ló rán an. Mo ní onílẹ̀ fẹ́ ṣe àánú, ojú ló ń tì í láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Cyriaque kò mọ ibi tí yóò gbójú sí. Ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ máa ń wà lára ògiri títí òjò yóò fi wẹ̀ ẹ́ dànù, ẹlòmíràn á sì lẹ tirẹ̀ lé e lórí. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé níhìn-ín, ẹni kan lè gbọ́ ọ kó sì lọ gbé ọkọ́.

"Kí lo wá fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe?" ni Ògúndìran bi í.

"Bàbá, mi ò bèèrè ilẹ̀. Ẹ̀yìn mi tó ti ń kọ ebè láti ogún ọdún wá, ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Kajú ń já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ ohun tí mo lè jókòó ṣà nígbà tí mi ò bá lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ mi ò jí i gbìn. Mo dúpẹ́ kí n tó gbìn ín."

"O dúpẹ́ lọ́wọ́ ta?"

"Òbúkọ tí mo fi lé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

Ojú gbogbo ènìyàn yí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí Madeleine dúró sí.

"Ẹ má wò mí," ló wí. "Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ní Firmin ní kí n bá òun dúpẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi rán ọmọ yín. Ẹ̀yin ni ẹ ní kí n tètè gbé ẹran lé iná."

"Mo rò pé nítorí Grâce tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni," ni Ògúndìran kùn.

"Àti pé," ni Madeleine tún wí, "itan rẹ̀ lọ sílé Rachidi. Ó ní ẹran náà rọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi lé rò-rò sójú ẹlòmíràn. Rachidi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó padà jókòó, ó ní, "Ó rọ̀ lóòótọ́."

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ojú Ògúndìran kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "A kì í jẹ ẹran ọpẹ́ tán ká tún ní a ò mọ ohun tí wọ́n dúpẹ́ fún. A kò ní fa igi náà tu. Firmin ni yóò máa ṣa èso rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé yìí." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Cyriaque, ìwọ lo fi ẹnu gbìn ín. Bí a bá pín ilẹ̀ lọ́la, ibẹ̀ ni ìpín tìrẹ, bó ti wà yẹn, pẹ̀lú igi lórí rẹ̀. O ò ní gba òmíràn, o ò sì ní kọ́lé síbẹ̀ níṣojú Firmin. Ọ̀rọ̀ tí o ń sọ lábẹ́ máńgòrò, ṣé o ṣì ń sọ ọ́?"

Cyriaque nu gíláàsì rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ń ro Pélagie, ó ń ro ojú fèrèsé tí wọ́n ti fi ìka yà sójú afẹ́fẹ́. Obìnrin tó máa ń yà sí ògiri kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí àyàfi ọ̀dà.

"Mo ṣì ń sọ ọ́, Bàbá. Mo gbà."

Pélagie bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ rí àwọn igi tó lé òun nílé kí òun tó wọ̀ ọ́. Wọ́n jọ lọ. Firmin fún àwọn méjèèjì ní ọkọ́, ó ní onílẹ̀ tí kò mọ ìdí igi rẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀, wọ́n sì ro ìdí kajú títí oòrùn fi rẹlẹ̀.

Cyriaque kò fi ìpàdé abẹ́ máńgòrò sílẹ̀. Àwọn tó ń wá tilẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n kó tó sọ ohunkóhun báyìí, yóò kọ́kọ́ dìde, yóò ní, "Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ o. Ilé kò rán mi."

Firmin a sì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, pé, "A gbọ́, Pùrọ́fù. Ṣùgbọ́n ilé ti jẹ òbúkọ."