Àsánì Elétí àti Wáyà Èédú

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni Àsánì.

Rédíò àti ampilifáyà ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Igbó-Elérin, kò jìnnà sí títì márosẹ̀ Badagry. Ìlaròó ni wọ́n bí i sí. Ìwé tó kà kò tó nǹkan. Ó máa ń sọ pé òun àti ìwé pàdé lọ́nà, àwọn kí ara àwọn, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló ń bọ̀.

Orúkọ tó gbádùn ni Àsánì Elétí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ampilifáyà tí wọ́n ti lò rí ní ọjà Alábà, Àsánì ni yóò mú dání. Àsánì á jókòó síwájú ẹ̀rọ, á dijú, á tẹ́tí. Lẹ́yìn náà á ní, "Rà á," tàbí kó ní, "Dìde, ká máa lọ." Kò sí àlàyé kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì rí wáyà tín-ín-rín dáadáa mọ́. Etí yẹn ló kù tó fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọládàpọ̀ fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé ampilifáyà rẹ̀ wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ orin àti àpótí pẹlẹbẹ kan. Òpópónà kejì ni Ọládàpọ̀ ń gbé. Orin ni ìṣòro rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ó ṣí àpótí náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fi wúrà han èèyàn. Wáyà méjì ló wà níbẹ̀, dúdú, orí wọn ń dán.

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wáyà yìí ló ń gbé orin láti inú ẹ̀rọ lọ sínú ampilifáyà. Kò sí kọ́pà nínú ẹ̀ o. Kò sí irin kankan."

"Kí ló wá wà níbẹ̀?"

"Kábọ́nù."

Àsánì mọ kábọ́nù. Ọ̀pá dúdú tó wà láàárín bátìrì àtijọ́ ni, èyí táwọn ọmọdé fi ń kọ nǹkan sára ògiri.

"Èédú," ó ní.

"Kì í ṣe èédú, Bàbá. Òwú kábọ́nù ni. Ó tín-ín-rín ju irun orí lọ."

"Èédú ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ fò kọjá òkun, ó wá ń fi èédú ránṣẹ́ sí wa. Ṣé èédú wọ́n ní Okokomaiko ni?"

Ọládàpọ̀ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí ohùn rọ̀. Ẹ ṣáà bá mi gbọ́ ọ. Tí ẹ bá ní kò dáa, ẹ̀gbọ́n mi á dá a padà fún ẹni tó tà á. Tó bá sì di Sátidé, ẹ máa bá mi dé Alábà. Mo fẹ́ ra sípíkà tuntun, mi ò sì lè rà á láìsí etí yín."

Àsánì fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wo wáyà méjèèjì. Iye tó yọ ga ju ti kọ́pà lọ, bí kábọ́nù ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò ju èkejì lọ. Mítà ní ìbejì ni wọ́n. Àsánì ti mítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ni Elétí fẹ́ fi mítà ṣe?

Wọ́n ki wáyà bọ ẹ̀rọ, wọ́n so ampilifáyà mọ́ sípíkà méjì inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi orin sí i. Obìnrin ló ń kọ ọ́. Àárín ló yẹ kí ohùn rẹ̀ dúró. Àsánì gbọ́ ọ lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Apá òsì kò lókun rárá.

"Wáyà òsì ti bàjẹ́," ó kéde.

Ọládàpọ̀ tẹ́tí sí i. "Bàbá, àárín ni mo ti ń gbọ́ ọ o."

"Ta ni wọ́n ń pè ní Elétí, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ má bínú, sà."

Ọládàpọ̀ yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí Wasáàpù pé wáyà ti bàjẹ́, kò sì tíì fi ránṣẹ́. Ó ní òun ń sáré dé Ọ̀tọ̀-Àwórì. Kí Bàbá tún yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kóun tó dé, kó má di pé wọ́n pe oníṣòwò ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni ní olè lásán.

Bó ṣe lọ ni Àsánì pààrọ̀ wáyà. Ó fi tòsì sí ọ̀tún, ó fi tọ̀tún sí òsì. Tó bá jẹ́ wáyà ló bàjẹ́, àìlókun yẹn gbọ́dọ̀ bá a lọ sí ọ̀tún. Kò lọ. Ó yọ èédú kúrò pátápátá, ó fi wáyà kọ́pà tirẹ̀ sí i. Òsì náà ni. Ó gbé sípíkà òsì lọ sí ọ̀tún, ó gbé tọ̀tún wá sí òsì, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ń bú Lọ́ńdọ̀nù. Òsì náà ni. Ó bú ògiri. Ó ká aṣọ ojú fèrèsé. Ó bẹ aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì pé kó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró díẹ̀. Aránṣọ dá a dúró. Òsì kò dìde.

Ó jókòó, ó ń wo àwọn sípíkà bí ẹni tí wọ́n bú. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká. Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀ ni.

"Bàbá Sherif, mo ti ń kí yín láti ẹnu ọ̀nà."

Àsánì yí sí i. Bó ṣe yí, obìnrin inú orin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó wà, ó kọjá sódìkejì. Àsánì yí padà. Obìnrin náà padà. Àsánì kọ ẹ̀yìn sí sípíkà. Obìnrin náà tún sá lọ.

"Ijó wo lẹ̀ ń jó yìí?"

Àsánì fi ìka di etí ọ̀tún. Orin jìnnà, bíi pé Badagry ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ó yọ ìka, ó fi di tòsì. Kò sí ohun tó yí padà.

"Ìyá Sherif, etí òsì mi ti kú."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?"

"Ìwọ mọ̀?"

"Láti ìgbà Iléyá."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ o. Apá òsì ni mo dúró sí."

Àsánì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Nígbà tí ikọ́ dáwọ́ dúró, ó rántí nǹkan kan. "Àpótí sípíkà mi ńlá yẹn ńkọ́, èyí tó o sọ dilé adìyẹ, tó o ní mo gbà?"

"Mo bi yín léèrè. Ẹ ò sọ pé rárá."

"Apá wo lo ti bi mí?"

Sìdíkàt gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa àga sún mọ́ ọn. "Ẹ gbọ́. Ẹ má sọ fún Ọládàpọ̀. Ẹ ní wáyà ló bàjẹ́, kó dá a padà, kó tán. Tí ẹ bá sọ òótọ́, kí ọ̀la tó ṣú, Alábà á ti gbọ́. Ta ló tún máa wá mú yín lọ?"

Apá ọ̀tún ló ti sọ ọ́, Àsánì kò lè ṣe bíi pé òun ò gbọ́. Òótọ́ sì ni. Èédú kò lẹ́nu tó máa fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ro òyìnbó tó ta wáyà náà, tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí wọ́n fẹ́ pè lólè nítorí etí bàbá kan ní Igbó-Elérin. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í.

Ọládàpọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí fóònù. "Bàbá, kí n fi ránṣẹ́?"

"Pa á rẹ́."

"Wáyà ti dáa?"

"Kò fìgbà kan bàjẹ́. Etí òsì mi ló kú. Mo ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Orí mi nìkan ni mi ò rí pààrọ̀."

Ọládàpọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rí ojú Sìdíkàt, ó gbé ẹ̀rín náà mì. "Háà. Bàbá."

"Má fojú yẹn wò mí. Etí ló kú, èmi kọ́."

"Èwo ló wá dáa jù nínú méjèèjì, èédú àbí kọ́pà?"

"Etí ọ̀tún ní wọn ò yàtọ̀. Bóyá tòsì mọ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ ọ́ kó tó lọ."

Ọládàpọ̀ ká wáyà rẹ̀ sínú àpótí. Kò yára. Ó kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́, ó tún padà wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Ti Sátidé yẹn, Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ jẹ́ ká ṣì wò ó ná. Màá pè yín."

Ìyẹn, Àsánì gbọ́ ọ ketekete.

"Pè mí," ó ní. "Ṣáà pariwo."

Kẹ̀kẹ́ lọ. Sìdíkàt kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ó bá a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rìn lọ sílé.

Síbẹ̀, ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti orí ẹja ọ̀bọ̀kún.