Ìdákọ̀ró Àwọn Tí Òkun Gbé Lọ

Ní oṣù kìíní ọdọọdún, tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí àwọn sójà tó kú sógun lórí tẹlifíṣàn, Bàbá Elkanah Ṣọládé a wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, a sì jókòó sí pálọ̀ Wùmí ọmọ rẹ̀ ní Ìkòsí. Wọn a fun fèrè, wọn a gbé òdòdó sí ìdí ère, wọn a tú ẹyẹlé sílẹ̀. Bàbá a dìde dúró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí. Tó bá wá jókòó padà, ohun kan náà ló máa ń sọ:

"Wọ́n ṣeun. Sójà jìyà. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń gbé ẹrù kọjá lórí òkun kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ, ta ló rántí wa?"

Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Bàbá Sélọ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Wọ́n rò pé torí pé ó ṣiṣẹ́ ní ebúté Àpápá ni. Wọn ò mọ̀ pé nígbà ogun Hítílà, nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa, ló ti kúrò ní Òdogbolú wá sí Èkó, tó sì wọ ọkọ̀ tó ń kó ẹkùrọ́ àti epo pupa lọ sí ìlú Òyìnbó. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun. Ọkọ̀ ẹrù ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi í sí, níbi tí wọ́n ti ń kó èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì, tí ooru ibẹ̀ sì ń bó ènìyàn lójú.

Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni Shittu, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ọkùnrin taagun kan tó fẹ́ràn ẹ̀rín. Shittu ló fi hàn án bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú kí ọwọ́ má baà bó. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ sílé pẹ̀lú oyún, Màríyámọ̀ lorúkọ rẹ̀. Tó bá ti ń kó èédú, orúkọ yẹn ló máa ń fi kọrin, àwọn yòókù, Nojeem lára wọn, a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ti jìnnà sí ilẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì yin bọ́ǹbù lu ọkọ̀ wọn. Iná kú, omi ya wọlé. Àkàbà irin kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n lè gbà jáde. Shittu ló kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Dípò kó gùn ún, ó fa Elkanah ní ẹ̀wù, ó tì í síwájú.

"Gòkè lọ! Ìwọ lo kéré jù."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, bọ̀ọ̀dá?"

"Nojeem ti há sábẹ́ irin. Jẹ́ kí n fà á yọ. Mò ń bọ̀."

Elkanah gòkè. Wọ́n fà á sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sá àsálà, ó sì tẹjú mọ́ ihò tó gbà jáde títí ọkọ̀ ńlá náà fi rì. Shittu kò jáde. Nojeem náà kò jáde.

Nígbà tó padà dé Èkó, ó wá Màríyámọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní ó ti kó lọ, wọn ò mọ ibi tó gbà. Elkanah bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ebúté, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ṣaláìsí. Gbogbo ohun rere tó bá dé bá a, a ní, "Shittu ló fún mi." Nígbà tí Wùmí wà ní kékeré, ó rò pé ẹbí àwọn ni Shittu.

Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wọn kó ààtàn kan kúrò ní orígun òpópónà. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí ohun tí wọn yóò fi ibẹ̀ ṣe. Bí àwọn kan ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, Bàbá fi ọ̀pá dìde.

"Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi níbi díẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kọ orúkọ àwọn tí a jọ wà nínú ọkọ̀ síbẹ̀ kí n tó lọ."

Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dáhùn. "Daddy, a ò kọ̀ o. Àmọ́ Ìkòsí kò sí létí òkun. Ṣé kì í ṣe Marina ló yẹ kí irú ẹ̀ wà?"

"Alága, wọn ò ní sàréè ní Marina. Wọn ò ní níbì kankan. Ibi tí ẹni tó rántí wọn bá ń gbé, ibẹ̀ náà nilé wọn."

Débọ́lá, wẹ́dà tó ń jó irin ní Owódé Onírin, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Daddy, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan wà nínú irin tí wọ́n kó dé ọ̀dọ̀ wa láti Àpápá. Wọ́n fẹ́ gé e sí wẹ́wẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá ọ̀gá tó ni ín."

Nígbà tí ọ̀gá onírin náà gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ. Bàbá àgbà tèmi ja ogun Bọ́mà. Wọ́n ní oúnjẹ inú agolo ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ọkọ̀ ló ṣáà gbé e dé."

Bí wọ́n ṣe ń po kọnkéré tí wọn yóò fi ri ìdákọ̀ró náà mọ́lẹ̀, ọkàn Wùmí ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí tó ni orúkọ tí wọ́n fẹ́ kọ. Ó lọ bá lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kan nítòsí Mile 12, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: ẹbí Shittu, ará Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ń kó èédú nínú ọkọ̀ òkun nígbà ogun Hítílà, tí ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Màríyámọ̀.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fi kan ilẹ̀kùn wọn. Hùmúàní lorúkọ rẹ̀, àlùbọ́sà ló ń tà ní Mile 12. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá.

"Bàbá, Màríyámọ̀ ni ìyá mi. Mi ò mọ bàbá mi. Oyún mi ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ."

Bàbá bi í pé, "Ta ni ìyá bàbá rẹ?"

"Àpínkẹ́ ni. Òkè Pópó ni wọ́n ti ń din àkàrà."

"Àpínkẹ́ alákàrà!" ni Bàbá wí. "Gbogbo ìgbà tí ebi bá ń pa wá nínú ọkọ̀ ni Shittu ń sọ̀rọ̀ àkàrà yẹn."

Hùmúàní tẹ orí ba.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ni bàbá mi fẹ́ Òyìnbó sọ́hùn-ún? Ohun tí àwọn ènìyàn fi ń bú ìyá mi títí ìyá mi fi kú nìyẹn. Wọ́n ní ọkọ wọn jókòó sí Liverpool, ó ti gbàgbé ilé."

"Ta ló purọ́ yẹn?" Ohùn Bàbá le ju bí Wùmí ṣe gbọ́ ọ rí lọ. "Bàbá rẹ ò dé Liverpool nírìn-àjò yẹn. Òun ló tì mí síwájú, tó padà lọ fa ẹlòmíràn yọ. Ẹ̀mí tí mò ń mí yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà á."

Ó wá rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Hùmúàní sunkún títí gèlè rẹ̀ fi tú. Nígbà tí Bàbá dé ibi orin, ó gbójú sókè.

"Orúkọ ìyá mi ni wọ́n fi ń kọrin? Ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́."

Bàbá kò lóhùn orin, àmọ́ ó kọ ọ́: "Màríyámọ̀, gbé omi kaná, mò ń bọ̀ wálé." Hùmúàní bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti dúpẹ́, Bàbá sáré dì í mú.

"Rárá o, ọmọ mi. Èmi ló yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọ."

Ní Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, wọ́n ṣí aṣọ lójú ìdákọ̀ró náà. Dúdú ni wọ́n kùn ún, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ gbogbo àwọn tí Bàbá rántí sára kọnkéré ìdí rẹ̀. Wọ́n kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ fún àwọn tí kò rántí orúkọ wọn: *Ọlọ́run mọ̀ yín.* Pásítọ̀ gbàdúrà. Lèmọ́mù kírun òkú sí Shittu àti Nojeem lára, ìrun tí wọ́n ti ń retí láti ìgbà ogun. Àwọn alálùbọ́sà Mile 12 ti ìsọ̀ wọn wá bá Hùmúàní dúró. Lára wọn ni ìbátan ìyá rẹ̀ kan, àgbàlagbà, tó fọwọ́ kan orúkọ Shittu tó sì ń wí léraléra pé, "Àṣé ọkùnrin gidi ni."

Ìjọba ò wá, kò sì sẹ́ni tó bèèrè wọn. Wọ́n ní kí Bàbá sọ̀rọ̀. Ó wo gbogbo àwọn tó pé jọ, ó ní:

"Mo ti rò pé èmi nìkan ni n óò kú pẹ̀lú orúkọ wọn lẹ́nu. Ẹ ti bá mi gbé e. Mo dúpẹ́ o. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an."

Láti ọjọ́ náà, Hùmúàní ò jẹ́ kí àlùbọ́sà tán nílé Wùmí. "Bàbá mi" ló ń pe Elkanah. Àwọn ọlọ́kadà Kétu bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibẹ̀ ṣe bọ́sítọ́ọ̀pù: "Ìdákọ̀ró! Ta ló ń lọ Ìdákọ̀ró?" Bàbá a gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, a sì rẹ́rìn-ín sínú.

Lọ́dún 2009 ni Bàbá sùn, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ olóògbé tí wọn yóò kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Wùmí ní kí wọ́n kọ Hùmúàní sókè, torí pé òun lẹ̀gbọ́n. Ẹnì kankan ò jiyàn. Pásítọ̀ kà á bẹ́ẹ̀, Hùmúàní sì dìde nínú ìbòrí rẹ̀, ó lọ dúró síwájú àwọn àbúrò rẹ̀.