Aṣọ Funfun Ràṣídá àti Ewé Ìbẹ́pẹ Màmá Mi

Òórùn aṣọ tó ti wà nínú omi láti àárọ̀ ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe òórùn burúkú o. Ó jọ ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tí òórùn ọṣẹ díẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo dìde, mo wọ sálúbàtà mi, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ire-Akari, mo bá àwọn báfù kéékèèké tí wọ́n tò láti ẹnu ilé ìdáná títí dé ẹnu ilé ìwẹ̀. Aṣọ ló wà nínú gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Àdùnní, ọmọ ọmọ mi, ti gbé àpótí tì wọ́n, ó jókòó, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná.

Ọṣẹ ni iṣẹ́ Àdùnní. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rín tèmi tán nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé torí ọṣẹ lòun ṣe kàwé tó bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba yàrá kan lẹ́bàá Àgọ́ Palace, wọ́n ń gbìyànjú láti po ọṣẹ oníyẹ̀fun tó bá bí àwa ṣe ń fọṣọ mu. Ó ní ọ̀pọ̀ ọṣẹ tó kún ọjà, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n pò ó fún. Ọwọ́ làwa fi ń fọ tiwa, nínú omi tútù, omi kànga ẹlẹ́rọ àdúgbò wa sì le débi pé ọṣẹ á làágùn kó tó hó. Àbàwọ́n tiwa náà tún yàtọ̀: epo pupa, ẹ̀kọ, wàrà ọmú, òógùn, eruku Oshodi tó ń wọ inú aṣọ bí ẹni san owó ilé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ohun kan tó ń jẹ́ ẹ́ńsáìmù sínú rẹ̀. Bó ṣe là á yé mi, ohun tíntìntín ni, ojú ò lè rí i, kò sì ní ẹ̀mí, àmọ́ olúkúlùkù ló ní oúnjẹ tirẹ̀. Ọ̀kan ń gé ọ̀rá, ọ̀kan ń gé ẹ̀kọ, ọ̀kan ń gé ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin sí wẹ́wẹ́ títí omi á fi rí i gbé lọ. Àsìkò nìkan ló ń fẹ́.

Ó wá kìlọ̀ fún mi, torí ó mọ̀ mí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi gbígbóná sí i o. Tó bá ti gbóná jù, ó ti kú nìyẹn."

Mo ní ohun tí kò ní ẹ̀mí, báwo ló ṣe ń kú? Ó ní òun máa bi àwọn ẹlẹgbẹ́ òun níbi iṣẹ́ kóun tó dá mi lóhùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn ti gbé mi lọ ní tèmi. Ó gbé mi padà sí Mafoluku, sí àgbàlá ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Ilé oníyàrá púpọ̀ ni, àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹbí kan sí yàrá kan, ìkòkò olúkúlùkù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kànga kan wà láàárín àgbàlá, omi rẹ̀ máa ń pọ́n bí omi ìpẹtà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Igi ìbẹ́pẹ kan wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbìn ín, gbogbo èèyàn ló sì ń ká a. Pápá bàálù ò jìnnà sí wa rárá. Tí bàálù bá fẹ́ bà, orí òrùlé wa ló máa ń gbà, aṣọ orí okùn á máa mì, àwa ọmọdé á sáré jáde, a ó máa juwọ́ sí i, a ó máa kígbe pé kó bá wa ra bàtà bọ̀. Mi ò rí bàtà kankan gbà títí dòní, mo ṣì ń retí.

Alágbàfọ̀ ni màmá mi. Ìyá Múfú ni gbogbo ilé ń pè é, torí Múfútáù ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ pápá bàálù ló ń fọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́tùn-ún, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lósì, ó sì ní òfin tirẹ̀ bí ọ̀gá ilé ìwé. Aṣọ funfun ò gbọdọ̀ kan omi kànga nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Aṣọ tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́ òórùn iná. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń fọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ìka rẹ̀ máa ń bó, pàápàá tó bá ti fi ewé ìbẹ́pẹ fọṣọ. Lálẹ́ ó máa ń ní kí n bá òun fi òrí pa á, mo sì máa ń ráhùn. Mo fẹ́ràn ọwọ́ yẹn ju ohunkóhun lọ.

Ràṣídá ni ọ̀rẹ́ mi, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Ìyá rẹ̀ ti kú kí ó tó mọ bí a ti ń rìn. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gbẹ́rù ní pápá bàálù, kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Sìkírá, ló wá ń bá a tọ́ ọmọ. Èèyàn dáadáa ni Àǹtí Sìkírá, ohùn rẹ̀ ń dé Oshodi tó bá wà ní Mafoluku, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ìrònú rẹ̀ lọ. Bàbá Ràṣídá ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kó pe orúkọ rẹ̀ rí. Tí Ràṣídá bá béèrè pé báwo ni ìyá òun ṣe rí, á ní èèyàn rere ni, á gbé fìlà rẹ̀, á jáde. Kò sí fọ́tò kankan.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìró léèsì funfun kan tó wà nísàlẹ̀ àpótí, pẹ̀lú kánfọ̀. Lọ́dún tí Ràṣídá parí Kùránì nílé kéwú, tí wọ́n fẹ́ ṣe wòlímọ̀ fún un, bàbá rẹ̀ ṣí àpótí náà fúnra rẹ̀, ó gbé ìró yẹn lọ fún télọ̀, ó ní kó fi rán aṣọ tí ọmọ náà máa wọ̀ kàwé níwájú àwọn àfáà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ wòlímọ̀, ẹ mọ̀ pé aṣọ funfun báláú lọmọ ń wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí funfun tó ju ti Ràṣídá lọ. Ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa irun ọmọ tuntun.

Nígbà ọyẹ́ ni. Ọ̀la ni wòlímọ̀, bàbá rẹ̀ ti lọ síṣẹ́ alẹ́mọ́jú, Ràṣídá bá ní òun fẹ́ wọ aṣọ náà wò fún wa. Ó wọ̀ ọ́, ó yí po láàárín àgbàlá, gbogbo obìnrin ilé pàtẹ́wọ́. Ó sín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ bá dà nímú rẹ̀, ó kán sí àyà aṣọ, ó tún kán, kí ó tó gbórí sókè ó ti di òdòdó ńlá pupa lórí léèsì. Ràṣídá ò sunkún, ó kàn dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì sọ́tùn-ún sósì, kò fẹ́ fọwọ́ kan ara rẹ̀.

Ẹ mọ̀ wá, a kì í rí wàhálà ká má mú oògùn wá. Ẹnì kan ní kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹnì kan ní iyọ̀, ẹnì kan ní búlúù nìkan ló lè bò ó. Kí wọ́n tó fi ẹnu kò, Àǹtí Sìkírá ti bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ, ó gbé kẹ́tùlù tó ń hó lórí iná, ó dà á lé e. Ó gbà tọkàntọkàn pé omi gbígbóná ló ń lé ìdọ̀tí, ṣebí òun náà la fi ń fọ abọ́ ọlọ́ràá. Ojú wa báyìí ni pupa náà di bí àwọ̀ obì, ó gbẹ mọ́ aṣọ lára pinpin. Ìgbà yẹn ni Ràṣídá wá ké.

Màmá mi ò sí nílé, ó ti lọ kó ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo sáré pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, mo ń sọ̀rọ̀, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Nígbà tó dé tó rí aṣọ, kò bá Àǹtí Sìkírá jà. Ó kàn ní ẹ̀jẹ̀ tí a bá ti fi omi gbígbóná sè ti di ẹyin sísè nìyẹn, kò ṣeé dá padà sínú èèpo. Ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó wá ní kí n lọ ká ewé ìbẹ́pẹ wá, èyí tí kò gbó jù.

Ó fi ọlọ lọ̀ ọ́, ó po omi mọ́ ọn, ó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ dáadáa kí ewé má baà fún wa ní àbàwọ́n tuntun. Omi amù tí à ń mu ló bù, kò jẹ́ fọwọ́ kan ti kànga. Ó rẹ àyà aṣọ náà sí i. Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fi sínú ẹran àgbò tó bá gbó kó tó rọ̀. Wọ́n ní ìbẹ́pẹ ni. Ó ní ẹran àti ẹ̀jẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí ewé jẹun. Ó fi àwo dé báfù, ó ní ẹni tó bá ṣí i, òun á gé e lọ́wọ́.

Ràṣídá jókòó ti báfù náà, èmi náà jókòó tì í. A ò lọ ṣeré. Nígbà tó pẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, ohùn rẹ̀ ò ga ju ti eṣinṣin lọ. "Mi ò mọ ojú ìyá mi. Aṣọ yìí nìkan ni mo mọ̀." Mo fi orí mi ti èjìká rẹ̀, ibẹ̀ la sì wà títí wọ́n fi fà wá wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màmá mi ṣí báfù. Ó rọra fi ọṣẹ pa á láàárín ìka rẹ̀ tó ti bó, ó ṣan án, ó tún ṣan án, ó gbé e sókè síwájú oòrùn. Òdòdó pupa ńlá yẹn ti lọ. Ibi tí kẹ́tùlù kọ́kọ́ dà sí gan-an ló kù, àmì kan tó fẹ̀ tó ojú kọ́bọ̀, ó rí bí tíì tó fẹ́ẹ́rẹ́. Ó tún gbìyànjú, kò yọ. Ayọ̀ bá gbogbo wa, àfi Àǹtí Sìkírá, òun ń nu ojú. Ó ní òun fẹ́ fi ìborùn bo ibẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n òun má rí i.

Àmọ́ ìborùn ọmọdé kì í dúró sójú kan. Ràṣídá kàwé níwájú àwọn àfáà, kò ṣì í níbì kankan, gbogbo wa ń ṣe àmín bí ẹni san owó fún un. Nígbà tó padà wá jókòó ti bàbá rẹ̀, ìborùn ti lọ sẹ́yìn ọrùn, bàbá náà tẹjú mọ́ àyà aṣọ. Ó béèrè pé kí ló ṣe ibẹ̀. Àǹtí Sìkírá, tí ohùn rẹ̀ ń dé Oshodi, fi ohùn tíntín jẹ́wọ́: ọyẹ́, ẹ̀jẹ̀ imú, kẹ́tùlù.

A ń retí ìbínú. Ọkùnrin yẹn bá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tí ì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí láyé.

Ó ní, "Bí Mọríámọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọyẹ́ ò ní tí ì dé Ìsẹ́yìn, imú rẹ̀ á ti máa ṣẹ̀jẹ̀. Kò sí aṣọ tó ní tí kò rí i."

Orúkọ ìyá Ràṣídá jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé àná ló pè é kẹ́yìn. Ràṣídá di etí agbádá rẹ̀ mú. Ó ní, "Kí ló tún máa ń ṣe?" Bàbá rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó máa ń kọrin tó bá ń gúnyán, kò sì mọ orin kọ. Ó ní ọwọ́ òsì ló fi ń ju òkò, kì í tàsé. Ó ní ó bẹ̀rù adìyẹ. Ó ń sọ ọ́ títí oúnjẹ fi tutù níwájú rẹ̀, Ràṣídá ò sì jẹ́ kó jẹun.

Wọ́n ti wó ilé yẹn tipẹ́, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì tẹ́ ibi tí ìbẹ́pẹ wà. Ràṣídá lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin, lẹ́tà wa di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó dákẹ́. Mo máa ń rò ó, ọkàn mi sì máa ń fà sí i. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ ò ní lọ ewé mọ́, inú mi dùn sí i, ọwọ́ ìyá ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bó torí ṣẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ omi tútù ṣì ni, sùúrù náà ṣì ni, Àdùnní fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un tán, ó ronú bí oníṣẹ́ ọṣẹ. Ó ní ewé màmá mi gbìyànjú gan-an, àmọ́ ká ní ọṣẹ tòun wà lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí àmì tó kù náà yọ. Mo ní mo gbà. Mo ní mo dúpẹ́ pé kò sí níbẹ̀. Ó fajú ro. Mo ní ká ní gbogbo rẹ̀ yọ pátá ni, bàbá yẹn ì bá jẹ ẹran wòlímọ̀ rẹ̀ tán, ì bá lọ sùn, Ràṣídá ì bá sì máa wá ìyá rẹ̀ kiri nínú aṣọ.