Kásẹ́ẹ̀tì Ọdún Àkànjí

Tí ẹ bá ń wá olóríkunkun, ẹ wá wo Àkànjí ọ̀rẹ́ mi, tó ń tún fìríìjì ṣe ládùúgbò Agbalépédogan. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, gìtá ló ń ta nínú ẹgbẹ́ olórin wa. Èmi ni mò ń kọrin. Orin wa máa ń rọra lọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Àwọn kan ní ó ń mú àwọn tòògbé; a ti gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a gba àwọn orin Nọ́ẹ̀lì àtijọ́, ìyẹn orin Kérésìmesì, a tún wọn kọ lọ́nà tiwa. Mùsùlùmí ni àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ọdún ni ọdún ń jẹ́. Àkànjí ní ọgọ́rùn-ún kásẹ́ẹ̀tì péré la máa ṣe, kò sì ní sí lórí fóònù. Ohun tó bá pọ̀ jù, ó ní, kì í níyì. Òun fúnra rẹ̀ ló pa orin náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, àfi bíi pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

A tà wọ́n lójú ọ̀nà fún àwọn tí a ò mọ̀ rí, títí ó fi ku méjìlá, tó wà nínú páálí nílé ìyá rẹ̀, Alájà Jẹ̀mílátù. Nígbà náà ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò kan ní Kpogan ní ká mú ẹyọ kan wá, òun á gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Nọ́ẹ̀lì. Ọdún mẹ́jọ la ti ń retí irú ìpè yẹn. A sáré délé Alájà. Páálí ti ṣófo.

"Ìyá, àwọn kásẹ́ẹ̀tì dà?"

"Mo ti fi wọ́n ṣe sàárà."

Ó ti pín mọ́kànlá fún àwọn èrò tó ń lọ ṣọdún ní Sàkété, ó sì fún Geneviève, aládùúgbò rẹ̀, ní ọ̀kan.

"Ta ló ní kí ẹ pín wọn?"

"Ìwọ náà lo ní orin ọdún ni. Ṣé wọ́n máa ń fi nǹkan ọdún du aládùúgbò ni?"

Inú bí mi, mi ò sì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni ǹ bá bínú sí.

A kọjá sílé Geneviève, Alájà tẹ̀ lé wa.

"Merci, Maman Àkànjí," ni Geneviève fi dúpẹ́. "Kásẹ́ẹ̀tì yẹn wúlò fún wa gan-an."

Ó ti fi sẹ́lótéèpù dí ihò etí kásẹ́ẹ̀tì náà tí kì í jẹ́ kí wọ́n gba ohùn mìíràn lé e, ó sì ti gba ohùn àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lé orin wa lórí. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wa ká gbọ́. Wọ́n ń lọgun, ohùn wọn ò bára mu. Àkànjí di orí mú.

Nígbà tó yá, àwọn akọrin dákẹ́. Níbi tí ohùn wọn ò dé, gìtá Àkànjí dún díẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì sì tán.

Alájà gbójú sókè. "Ta ló ta gìtá yẹn? Ó dùn."