Kílórò Ló Ṣáájú Nínú Ìwé Tèmi

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, kò sí ohun tó ń lé mi mọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin fẹ́ di apoògùn. Iléèwé girama ló wà, a jọ ń gbé ní Aboabo, ní Kumasi níbí. Olùkọ́ wọn wá kéde pé ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò kẹ́mísírì àárín sáà, kíláàsì sáyẹ́ǹsì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ní kó wá bá mi. Ta ni kò mọ̀ nínú ilé pé èmi náà kọ́ kẹ́mísírì rí?

Mo kọ́ ọ lóòótọ́. Kíláàsì tó gbẹ̀yìn ni mo wà nígbà tí wọ́n ní kí àwa àlejò palẹ̀ mọ́ kúrò ní Gánà. Ìwé àkọsílẹ̀ mi bá mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì bá mi padà sí Kumasi, ṣùgbọ́n èmi ò padà síléèwé mọ́. Ìṣó àti àgádágodo ni mo tà títí orúnkún fi kọ̀.

Bí a ṣe ń pe orúkọ àwọn àpòpọ̀ kẹ́míkà ni wọ́n ń kọ́. Irin kan á jókòó sáàárín, bíi kóbáàtì, àwọn èròjà mìíràn á rọ̀gbà yí i ká. Àwọn tó rọ̀gbà yí i ká la ó kọ́kọ́ dárúkọ, ká tó dé orí irin. Ìwé mi ní èyí tó bá ní agbára iná òdì lára ni kó ṣáájú: kílórò, ìyẹn kílórínì, lẹ́yìn náà ámíìnì, ìyẹn amóníà, tí kò ní agbára iná kankan. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

Ó fìdí rẹmi. Gbogbo ibi tí mo ti kọ́ ọ ni wọ́n fa yíǹkì pupa sí. Mo ṣí ìwé iléèwé rẹ̀ wò fúnra mi: ábídí ni wọ́n fi ń tò wọ́n báyìí, ámíìnì ló ń ṣáájú. Wọ́n ti yí i padà, n ò tilẹ̀ mọ ìgbà tó ti pẹ́ tó. Mo bi í bóyá kò rí i ni.

"Mo rí i, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ tiyín. Ṣé kí n wá já yín ní koro ni?"

Ó rẹ̀ mí débi pé n ò lè bá a wí. Lọ́jọ́ kejì mo wọ́ tìrótìrò lọ bá olùkọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Asante kan. Mo fi Twi, èdè wọn, sọ fún un pé èmi ni mo ṣi ọmọ lọ́nà. Ó pè mí ní Nana bí wọ́n ti ń pe àgbà, ó gbé àga fún mi, ó ní kí ọmọ náà wá tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ Àtàláátà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ní bí mo bá fẹ́, àyè wà fún èmi náà láti wá kọ́ ti òde òní lẹ́yìn kíláàsì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a tún bẹ̀rẹ̀. Ahọ́n mi tó ti gbó tún gbé kílórò síwájú. Ọmọ wo ìwé rẹ̀, ó tún wò mí. Mo dúró dè é. Nígbà tó ṣe, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ámíìnì ló ṣáájú."

Mo ní kó dìde, kó tún un sọ lórí ìdúró.